Ọmọ ti délé: ẹni tí ẹ lè bi àti ibi tí ẹ lè gbà lọ ní Òṣogbo

Kí ẹ tó gbé ọmọ kúrò níbi tí ẹ bí i sí, yálà Asúbíaró ni, tàbí ilé ìwòsàn UNIOSUN tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń pè ní LAUTECH, tàbí ti Kátólíìkì ní Jáléyẹmí, tàbí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò yín, ohun mẹ́ta wà tí ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé síbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìwé tí wọ́n kọ ọjọ́ àti aago tí ọmọ wáyé sí. Èkejì ni káàdì àjẹsára. Ẹ̀kẹta ni nọ́mbà fóònù tí ẹnì kan máa gbé lóru. Èyí tó kẹ́yìn yìí làwọn èèyàn kì í béèrè, òun gan-an sì ni wọ́n máa ń wá kiri ní aago méjì òru. Ẹ bi nọ́ọ̀sì tó ń dá yín sílẹ̀ pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí nǹkan bá ṣe ọmọ yìí lóru, ta la máa pè, ẹnu ọ̀nà wo la sì máa gbà wọlé?" Kì í ṣe gbogbo géètì ni wọ́n ń ṣí lóru, kò sì dáa kí ẹ máa yí ilé ìwòsàn po pẹ̀lú ọmọ tó ń gbọ̀n.

Ẹ tún ṣí káàdì náà níṣojú wọn. Ní ọjọ́ tí ọmọ dé, ohun mẹ́ta ló yẹ kó wà níbẹ̀: abẹ́rẹ́ BCG tó ń dènà ikọ́ ẹ̀gbẹ, ẹ̀kán oògùn rọpárọsẹ̀ lẹ́nu, àti abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú, tí wọ́n ń pè ní HepB0. Mẹ́dọ̀wú yìí ni kò gbọdọ̀ pẹ́, inú wákàtí 24 ló ti ń ṣiṣẹ́ jù. Ọmọ tí wọ́n bí lálẹ́ Friday ló sábà máa ń délé láì gbà á, torí àwọn tó ń fúnni lábẹ́rẹ́ àjẹsára lè máà sí lẹ́nu iṣẹ́ ní ìparí ọ̀sẹ̀. Bí ìlà rẹ̀ bá ṣófo, ẹ béèrè lójú ẹsẹ̀. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú bóyá ọmọ ti gba abẹ́rẹ́ fítámì K ní itan, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ máa ṣàn láìdúró. Ẹni tó fẹ́ kọlà fún ọmọkùnrin lọ́jọ́ kẹjọ gbọ́dọ̀ mọ èsì ìbéèrè yìí kó tó pe olóòlà tàbí nọ́ọ̀sì. (Ní ti ọmọbìnrin, kò sí ìdábẹ́ tó ní àǹfààní kankan; òfin kà á léèwọ̀.)

Bí ẹ̀jẹ̀ ìyá bá jẹ́ rhesus negative, tí ti ọmọ sì jẹ́ positive, abẹ́rẹ́ kan wà tí ìyá gbọ́dọ̀ gbà kí wákàtí 72 tó pé. Kì í ṣe torí ọmọ tó wà nílẹ̀ yìí, torí àbúrò rẹ̀ tó ń bọ̀ ni.

Ìgbà tí ẹ máa padà lọ, bí kò tilẹ̀ sí nǹkan kan

Àbẹ̀wò mẹ́rin ló yẹ kí ìyá àti ọmọ ní: láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta, láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá, àti ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Èyí tí àwọn ará ìlú máa ń fò ni ìkejì àti ìkẹta, torí wọ́n ń múra ìsọmọlórúkọ. Bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni jọ́ńdíìsì, ìyẹn kí ara ọmọ di rẹ́súrẹ́sú bí ìyeyè, máa ń yọjú, tí ọmú máa ń le, tí ẹ̀jẹ̀ ìyá sì lè ru sókè lójijì. Ẹni tó bí sílé, tàbí sí ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí, tàbí sí ilé àdúrà, kí ó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kí ọjọ́ kan tó pé. Nọ́ọ̀sì lè bá a wí díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní lé e padà.

Ẹ kọ ìbéèrè yín sórí bébà nílé. Bí ẹ bá dé iwájú nọ́ọ̀sì, tí èrò jókòó lẹ́yìn yín, tí ọmọ ń ké, gbogbo rẹ̀ á fò lọ lórí. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe fún yín lọ́jọ́ náà kò pọ̀: kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá, kí wọ́n tẹ ikùn rẹ̀ wò bóyá ilé ọmọ ń sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n béèrè ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, kí wọ́n wo ọmú, kí wọ́n gbé ọmọ sórí ìwọ̀n ní ìhòòhò, kí wọ́n wo ìwọ́, ojú àti awọ ara rẹ̀. Bí wọ́n bá fò ọ̀kan, ẹ rán wọn létí. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ò tíì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi." Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn.

Ẹnu pọ̀ nínú ilé

Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ilé á ti kún. Ìyá ọkọ dé láti Ìkìrun, ẹ̀gbọ́n ìyàwó dé, aládùúgbò yọjú, olúkúlùkù pẹ̀lú ohun tó fi tọ́ tirẹ̀. Ẹ má lé wọn. Ẹni tó ń fọṣọ, tó ń ro àmàlà, tó ń gbé ọmọ kí ìyá lè sùn wákàtí méjì-mẹ́ta lọ́sàn-án, kò sí oògùn tó dà bí tirẹ̀. Ẹ kàn mọ èyí tí ẹ máa gbà nínú ìmọ̀ràn wọn àti èyí tí ẹ máa fi ọgbọ́n yẹ̀.

Òrí lára ọmọ, kò burú. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ láti fi wẹ̀ ẹ́, kò burú. Kí ìyá máa jẹ ẹ̀fọ́, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà, ó dáa gan-an. Mẹ́rin péré ni ẹ kò gbọdọ̀ gbà: omi tàbí àgbo lẹ́nu ọmọ kó tó pé oṣù mẹ́fà, ohunkóhun lórí ìwọ́ yàtọ̀ sí jẹ́ẹ̀lì tí ilé ìwòsàn fún yín, Rọ́ọ̀bù àti àwọn ìpara mẹ́ńtólì mìíràn lára ọmọ, àti káfúrà nínú aṣọ rẹ̀.

Káfúrà ni ẹ jẹ́ ká dúró lé lórí díẹ̀. Àwọn róbótó funfun tí wọ́n ń tà lọ́jà, tí à ń jù sínú àpótí kí aáyán má bàa jẹ aṣọ, naphthalene ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní èròjà tí wọ́n ń pè ní G6PD tó. Ó wọ́pọ̀ láàárín wa, pàápàá lára ọmọkùnrin, kò sì hàn lójú. Bí òórùn káfúrà bá wọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa fọ́. Ohun tó ń jáde lára ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ yìí ló ń mú ara rẹ́súrẹ́sú bí ìyeyè, òun sì ni jọ́ńdíìsì. Bó bá pọ̀ jù, á gòkè lọ sínú ọpọlọ. Ọmọ tó bá yè é lè di adití, tàbí kí ọrùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀ má lè dúró mọ́ títí ayé. Ewu ibẹ̀ ni pé aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n ti kó pamọ́ láti ọdún méjì ni wọ́n máa ń yọ fún un lọ́jọ́ tó délé. Nítorí náà, kí oṣù tí ẹ máa bí tó wọlé, ẹ kó gbogbo aṣọ, ìborùn àti ọ̀já jáde, ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ sá wọn sóòrùn títí tí òórùn náà á fi lọ pátápátá, kí ẹ sì kó wọn sínú báàgì tuntun.

Bí ẹ ṣe máa yẹ ọmọ wò fún jọ́ńdíìsì nìyí. Ẹ gbé e lọ sẹ́bàá fèrèsé lọ́sàn-án, kì í ṣe abẹ́ gílóòbù. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ iwájú orí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, ẹ gbé ọwọ́ kúrò, kí ẹ sì wo ibi tí ẹ tẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó padà síbẹ̀. Bó bá funfun, ó dáa. Bó bá rẹ́súrẹ́sú, ẹ tẹ àyà, ẹ tẹ itan, ẹ tẹ àtẹ́lẹsẹ̀. Bí ọmọ bá dúdú, ẹ wo funfun ojú rẹ̀ àti èrìgì rẹ̀ pẹ̀lú. Ojú ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹ máa ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí di ọjọ́ keje. Bó bá yọ kí ọmọ tó pé wákàtí 24, tàbí tó dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, tàbí tí ọmọ kò mu ọmú dáadáa mọ́, ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní yàrá ìkókó àti iná aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ sí lábẹ́. Sísá ọmọ sí oòrùn àárọ̀ kò lè rọ́pò iná yẹn. Omi gúlúkóòsì kò sì ṣe nǹkan kan fún un ju pé ó ń gba àyè ọmú nínú ikùn.

Ní ti ìwọ́, jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine ni ètò ìlera Nàìjíríà ní ká máa lò: ẹ fọ ọwọ́, ẹ fi pa orí ìwọ́ àti ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ 7 tàbí títí tó máa já. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ ká pámpáàsì sísàlẹ̀ rẹ̀. Ojú ọmọ ni jẹ́ẹ̀lì yìí kò gbọdọ̀ kàn rárá. Ike rẹ̀ jọ ti oògùn ojú, àwọn èèyàn sì ti ṣèèṣì kán an sójú ọmọ tí ojú fi bàjẹ́; àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní 2020. Ẹ tọ́jú rẹ̀ lọ́tọ̀ sí oògùn ojú, kí ẹ sì fi bírò kọ "ÌWỌ́" gàdàgbà sára ike náà.

Ọ̀rọ̀ àgbo ló sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìyàwó nìkan máa bá ìyá ọkọ rẹ̀ fà á. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ mú ìyá ọkọ dání lọ sí àbẹ̀wò ọjọ́ keje. Kí ìyàwó sọ pé, "Mà, ẹ jẹ́ ká jọ lọ, ẹ̀yin lẹ máa bá mi gbé ọmọ." Bí wọ́n bá débẹ̀, kí ó ní kí nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún ìyá ìdí tí ọmọ kò fi gbọdọ̀ mu omi. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu nọ́ọ̀sì àgbàlagbà jáde kì í di àrífín. Bí ìyá bá ti wá se àgbo sílẹ̀ nílé kó tó dìgbà yẹn, ọkọ ni kó dá sí i: "Ìyá mi, ẹ ṣeun gan-an ni. Dókítà ti ní ọmú nìkan títí oṣù mẹ́fà. Ẹ bá wa fún un ní òrí yín yẹn, òun la fẹ́." Iṣẹ́ mìíràn ni kí ẹ gbé lé ìyá lọ́wọ́, bí ọwọ́ wọn bá dí, ọ̀rọ̀ àgbo á rọlẹ̀.

Omi Ọ̀ṣun ńkọ́? A mọ ohun tó jẹ́ fún ìlú yìí. Ṣùgbọ́n ní 2022, kí ọdún Ọ̀ṣun tó bẹ̀rẹ̀, ìjọba kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu omi odò náà mọ́, nítorí ohun tí àwọn awakùsà ń dà sínú rẹ̀ láti òkè. Ẹ má fi kan ẹnu ìkókó, ẹ má fi wẹ̀ ẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ìwọ́ kò tíì já. Oríkì Yèyé fúnra rẹ̀ ni "Awẹdẹ-kó-tó-wẹmọ". Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó gbé ọmọ.

Ọmú

Inú wákàtí àkọ́kọ́ ni kí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀. Omi ọmú àkọ́kọ́ tó ki, tó pọ́n díẹ̀, kò dọ̀tí. Ẹ má fún un dànù. Ìgbà 8 sí 12 ni ọmọ tuntun máa ń mu ọmú láàárín ọ̀sán àti òru. "Omi ọmú mi ò tó" ni ẹ̀sùn tí à ń gbọ́ jù, ó sì ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ òótọ́. Ẹ má wo bí ọmú ṣe tóbi tó, pámpáàsì ni kí ẹ kà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìtọ̀ kan. Lọ́jọ́ kejì, méjì. Láti ọjọ́ karùn-ún tàbí ìkẹfà lọ, mẹ́fà ó kéré tán lójúmọ́. Ìgbẹ́ á kúrò ní dúdú bí ọ̀dà, á sì di ìyeyè tó bá fi máa di ọjọ́ kẹrin sí ìkarùn-ún. Ọmọ máa ń fọn díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: èyí tí wọ́n bí ní kíló 3 lè di kíló 2.8. Bó bá lọ sí ìsàlẹ̀ kíló 2.7, tàbí tí kò tíì padà sí ìwọ̀n ìbí rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé e lọ.

Bí ọmú bá ń dunni, bí ọmọ ṣe gbé e sẹ́nu ló sábà máa ń fa á. Orí ọmú nìkan ló fà, kò gbé àwọ̀ dúdú ìdí rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi ìka kékeré sí ìgun ẹnu rẹ̀ kí ó lè tú u sílẹ̀, kí ẹ tún un ṣe: ikùn ọmọ kọjú sí ikùn ìyá, imú rẹ̀ wà ní ọ̀kánkán orí ọmú, ẹ dúró títí tí yóò fi ya ẹnu gbàgà bí ẹni ń yán, kí ẹ sì gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ ọmú, kì í ṣe ọmú lọ sọ́dọ̀ ọmọ. Ètè ìsàlẹ̀ á yí síta, àgbọ̀n á kan ọmú. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, kí ẹ sì ní kó jókòó wo bí ọmọ ṣe ń mu ún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àlàyé ẹnu lásán kò tó nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Omi ọmú tí ẹ bá fún sínú ife mímọ́ kò gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ níta, kódà kò gbọdọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà ooru. Inú fíríìjì tí iná kò ti lọ, ó lè tó ọjọ́ mẹ́rin. Bí iná yín bá ń lọ tó ń bọ̀, ẹ má fọkàn tán fíríìjì náà.

Ìyá tó ní kòkòrò HIV tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé lè fún ọmọ lọ́mú. Ọmọ náà ní oògùn tirẹ̀ àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ. Ibi tí ìyá ti ń gba oògùn ni wọ́n ti máa tọ́ ọ sọ́nà.

Ìyá fúnra rẹ̀

Gbogbo èèyàn ń wo ọmọ, kò sẹ́ni tó ń wo ìyá. Ẹ̀jẹ̀ máa ń dà fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, á máa dín kù. Bí páàdì kan bá kún fọ́fọ́ kí wákàtí kan tó pé, ẹ má dúró gba páàdì kejì, ilé ìwòsàn ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibà, ẹ̀jẹ̀ tó ń rùn, ẹsẹ̀ kan tó wú tó ń dunni, èémí tó ń kúrú. Orí fífọ́ tó le pẹ̀lú ojú tó ń ṣe bàìbàì tàbí tó ń rí ìràwọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni ẹ kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fura sí, kódà bí ìyá kò bá ní i rí nígbà oyún. Ó lè ṣẹlẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó sì máa ń di gìrì. Ẹ wọ̀n ọ́n: bó bá ti dé 140/90, ẹ lọ lọ́jọ́ náà, bó bá dé 160/110, ẹ lọ nísinsìnyí. Ẹ má fi páànádóòlù bo ó mọ́lẹ̀.

Ẹkún láìnídìí ní ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún wọ́pọ̀, á lọ fúnra rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tí ìyá kò rí adùn nínú ohunkóhun, tí kò lè sùn bí ọmọ tilẹ̀ ń sùn, tí ó ń sọ pé ọmọ yìí ì bá rí ìyá tó sàn ju òun lọ, àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Ìbéèrè 10 kan wà tí wọ́n ṣe ní ìlú Edinburgh ní 1987, tí àwọn oníṣègùn ń lò níbi gbogbo láti mọ̀ ọ́n. Ó ń béèrè bí ọkàn ìyá ṣe rí ní ọjọ́ 7 tó kọjá. Ìkẹwàá rẹ̀ ni bóyá èrò láti pa ara rẹ̀ lára ti wá sí i lọ́kàn. Ẹ lè sọ fún nọ́ọ̀sì pé kó bi yín. Ẹ̀yin ọkọ náà lè béèrè rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́ nílé; bíbéèrè kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn.

Èyí tó le ju ìyẹn lọ ni Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́, tí a ń pè ní abísínwín. Inú ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀: kò sùn fún òru méjì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bára mu, ó ń gbọ́ ohùn, ó ń wo ọmọ bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀. Kì í ṣe ayé, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní òun nìkan, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà. Àdúrà ṣeé gbà nínú mọ́tò.

Àjẹsára

Bí wọ́n bá bí ọmọ ní ọjọ́ Tuesday, ọ̀sẹ̀ kẹfà rẹ̀ á bọ́ sí Tuesday. Ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 ni ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́. Nígbà kọ̀ọ̀kan, ó máa gba abẹ́rẹ́ Penta, tó pa àrùn márùn-ún pọ̀, àti ti òtútù àyà, pẹ̀lú ẹ̀kán rọpárọsẹ̀ àti ti ìgbẹ́ gbuuru lẹ́nu. Abẹ́rẹ́ rọpárọsẹ̀ á tún wà ní ọ̀sẹ̀ 6 àti 14. Fítámì A tẹ̀ lé e ní oṣù 6. Ní oṣù 9, èéyi, ibà pọ́njú àti àrùn ọrùn líle. Ní oṣù 15, èéyi lẹ́ẹ̀kejì. Èyí ni ọ̀pọ̀ ìyá máa ń gbàgbé, torí ọmọ ti ń rìn, wọ́n rò pé ó ti parí.

Nǹkan kan wà tó máa ń bí àwọn ìyá nínú: ẹ débẹ̀, wọ́n ní ẹ padà wá ní Thursday. Ìdí ni pé ìgò BCG kan jẹ́ ti ọmọ 20, ti èéyi jẹ́ ti ọmọ 10, bí wọ́n bá sì ti pò ó, wákàtí 6 péré ló ní, ìyókù á di ohun ìdànù. Wọn kì í fẹ́ tú u fún ọmọ kan ṣoṣo. Nítorí náà, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń fúnni ní àjẹsára kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì débẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Bí ẹ bá pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí oṣù kan, ẹ má dúró sílé nítorí ìtìjú. Wọn kì í tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ibi tí ó dúró ni wọ́n ti ń bá a lọ.

Ojú BCG á wú, á sì ní ọyún díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ẹ má fi nǹkan kan sí i. Ẹ ya fọ́tò káàdì náà tinú-tẹ̀yìn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan mìíràn. Ilé ìwé máa béèrè rẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí ìbí

Àjọ ìkànìyàn, NPC, ló ń fúnni ní ìwé tí wọ́n ń gbà níbi gbogbo. Ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ẹ béèrè òṣìṣẹ́ wọn ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ yín: Òkè-Baálẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo, Ìgbọ́nnà fún Ọlọ́rundá. Àwọn ilé ìwòsàn kan náà ní ìjókòó wọn níbẹ̀. Ìwé tí ilé ìwòsàn fún yín kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ìbí. Ẹ̀rí tí ẹ fi máa gba ojúlówó ni.

Ẹ dúró títí ẹ ó fi sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n kí ọjọ́ 60 má kọjá. Ibi tó ti ń dàrú ni orúkọ. Bàbá bàbá fún un ní ọ̀kan, ìyá ìyá fún un ní ọ̀kan, pásítọ̀ tàbí ààfáà fi tirẹ̀ kún un, ó ti di méje. Ẹ jókòó nílé, ẹ mú mẹ́ta, ẹ pinnu èyí tó ṣáájú, kí ẹ sì kọ ọ́ sórí bébà ní lẹ́tà ńlá bí ẹ ṣe fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́. Orúkọ ìdílé gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lórí NIN bàbá mu lẹ́tà fún lẹ́tà: Adéyẹmọ tí wọ́n kọ ní Adeyemo níbì kan, tí wọ́n kọ ní Adeyemoh níbòmíràn, ó di wàhálà lọ́jọ́ tí ọmọ bá fẹ́ gba ìwé ìrìnnà. Kí òṣìṣẹ́ náà tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ kà á: orúkọ, ọjọ́ ìbí, akọ tàbí abo, orúkọ ìyá. Títún un ṣe lẹ́yìn náà máa ń pẹ́. Bí ìbejì bá ni wọ́n, ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kí aago ìbí Táíwò má sì bọ́ sórí ti Kẹ́hìndé.

Iṣẹ́ àti owó

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún obìnrin ní ìsinmi ìbímọ ọ̀sẹ̀ 12, mẹ́fà ṣáájú ìbí, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ó kéré tán ìdajì owó oṣù bó bá ti lo oṣù mẹ́fà níbi iṣẹ́. Bó bá padà, ó ní ẹ̀tọ́ sí ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní ọ̀sẹ̀ 16; àwọn bàbá ibẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ 14 láti 2022. Ẹni tó bá wà lábẹ́ ètò adójútòfò ìlera, kí ó lọ kọ orúkọ ọmọ sí i kíá, kó má dúró di ọjọ́ àìsàn.

Ohun tó ń wọlé lórí fóònù

Bí ohùn kan bá wọlé lórí WhatsApp tó ní kí ẹ fún ìkókó ní nǹkan, ìbéèrè mẹ́ta ni: ta ló sọ ọ́, ìgbà wo ló sọ ọ́, kí ló ń tà? Bí kò bá sí orúkọ, tí ó sì parí pẹ̀lú nọ́mbà tí ẹ máa fi ra oògùn, ọjà ni. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú ìwé UNICEF àti WHO ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Kẹ́mísì àdúgbò dára fún páàdì àti páànádóòlù ìyá. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì tó ní ibà kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má ra oògùn ehín ọmọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ìparí 2008 sí 2009, oògùn ehín kan tí kẹ́míkà burúkú wọ inú rẹ̀ pa ọmọ 84 ní Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ orí káńtà ni wọ́n ti rà á.

Bébà kan ṣoṣo ló kù, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lókè, ẹ kọ nọ́mbà òru ilé ìwòsàn, 112 tó jẹ́ nọ́mbà pàjáwìrì, nọ́mbà ẹni tó ní mọ́tò ládùúgbò tí ẹ ti bá sọ̀rọ̀ ṣáájú, àti irú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Nísàlẹ̀, ẹ kọ ohun tó ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn láì bi ẹnikẹ́ni: kò mu ọmú mọ́, gìrì, ara tó gbóná dé 37.5°C tàbí tó tutù ju 35.5°C lọ, èémí tó tó 60 ní ìṣẹ́jú kan nígbà tó ń sùn, àyà tó ń wọnú bó ṣe ń mí, kò mira àyàfi bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ìwọ́ tó pupa yíká tó ń rùn. Owó ọkọ̀ wà nínú àpò tí káàdì àjẹsára wà. Kí ìyá àgbà mọ ibi tí àpò náà wà.